Irin Ni Kí O Rà, Èmi Á Gbẹ́ Èkù

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú eruku pákó, ẹ kú ìfaradà àwọn oníbàárà tí wọ́n máa ń gbé igi wá lónìí, tí wọ́n á ní ọ̀la ni àwọn fẹ́ gbé tábìlì lọ. Mo kí màmá mi púpọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń jẹun, mò ń sùn, otútù ibí kò sì tíì gbé mi lọ.

Ẹ ó rántí pé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé ńlá kan tí àwọn ayálégbé kún inú rẹ̀. Ilé náà ti gbó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí tán, kò sì tì tán. Èyí tó bá tì, ó di kí èèyàn fi èjìká sí i kó tó tún ṣí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ há, màmá àgbà kan sì wà nínú ibẹ̀. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Èmi tí mo wà nítòsí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi, ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi tú híńjì ilẹ̀kùn náà, mo gbé ilẹ̀kùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, màmá jáde.

Àṣé alábòójútó ilé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti dúró lẹ́yìn mi. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń lo ọwọ́ òsì. Mo yára gbé ọ̀bẹ sí ọ̀tún, ẹ mọ̀ bí màmá mi ṣe kọ́ mi pé a kì í na òsì sí àgbà. Ó wá ní níbo ni mo ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé bàbá mi ni. Ó ní ẹni tó ń tún ilé náà ṣe tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, onílé sì ń bọ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún láti mú ẹlòmíràn. Bí mo bá lè tún gbogbo ilẹ̀kùn àjà kẹta ṣe kí ó tó dé, òun á dárúkọ mi fún un. Iṣẹ́ náà ní yàrá tirẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, owó oṣù rẹ̀ ju ti ìgbálẹ̀ lọ, iṣẹ́ tí ọwọ́ mi mọ̀ sì ni. Bàbá, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

Ohun kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú irinṣẹ́ tirẹ̀ wá. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, àmọ́ ẹ má ṣe ìyọnu, mo ti ra ọjà ọ̀pọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ta gbàǹjo, mo rí àpótí kan tí irinṣẹ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú: òòlù, ẹ̀mú, sípánà, tépù ìwọ̀n, sukudiráfà oríṣiríṣi. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó iye tí wọ́n ń ta òòlù kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n ń dán bíi ṣíbí tuntun. Mo ṣí i sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó, inú mi ń dùn.

Ẹ kàn sọ ohun tó kù tí màá rà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé mi sílẹ̀ lórí tábìlì kí èérún pákó bò ó.

Èmi ni àkọ́bí yín,
tó ti ń di káfíńtà

&nbsp;

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Mo rí ìwé rẹ. Mo kà á fún ìyá rẹ, ó ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà. A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Àwa náà wà. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn ilé yín, àmọ́ kò tíì há.

Iṣẹ́ tó o sọ yẹn, gbà á. Ilẹ̀kùn kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù ba ọmọ tó ti orí èérún pákó kọ́ ìrìn.

Àpótí rẹ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Irinṣẹ́ tó bá ń dán bíi ṣíbí, ṣíbí náà ni. Má bínú, gbogbo wa la ti ra irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ojú ló máa ń rajà, ọwọ́ ló máa ń jìyà rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń fi owó kékeré ra irinṣẹ́. Ohun tó jẹ́ pé ó kàn ń di nǹkan mú, tàbí ó ń wọn nǹkan, ra èyí tí kò wọ́n. Ẹ̀mú tí kò wọ́n kò burú. Tépù tí kò wọ́n kò burú bí irin ẹnu rẹ̀ kò bá ti mì jù. Àmọ́ ohun tó bá ní ojú tó ń gé, tàbí ohun tí a ń fi agbára yí, irin inú rẹ̀ ni owó rẹ ń lọ fún. Bí irin bá rọ̀, kò sí àdúrà tó lè mú un le. Sukudiráfà méjì tó dára, ńlá kan, kékeré kan, ó ju odindi àpótí lọ. Ní ti òòlù, wo ibi tí orí rẹ̀ ti wọ igi. Bó o bá rí àlàfo níbẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó o kórìíra.

Ayùn wá ni olórí wọn. Ilẹ̀kùn tó bá ti wú, ayùn àti ìfági ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, mú ayùn, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ọrun, kó o jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá padà nà gbọnrangandan, irin ni. Bó bá wọ́, páànù ni wọ́n gé ní eyín. Fi èékánná ta á lára kó o gbọ́ bó ṣe ń dún. Má wo èkù rẹ̀ rárá. Èkù ike ni wọ́n ń fi sí àwọn ayùn tí kò wọ́n, ó sì máa ń jẹ ọwọ́ bí ìjàlọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn ọ́. Irin ni kó o rà, èmi á gbẹ́ èkù. Èkù tó bá ọwọ́ mu ló ń sọ ayùn tálákà di ayùn ọlọ́rọ̀.

Ṣe báyìí. Tú èkù ike náà kúrò. Gbé ìdí ayùn lé bébà, fi bírò yí i ká, kó o sàmì sí ojú ihò tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé. Lórí bébà kejì, tẹ́ ọwọ́ tó o fi ń ṣiṣẹ́, kó o yí òun náà ká, ìka àti àtàǹpàkò. Fi méjèèjì ránṣẹ́. Má sì ra àlòkù o. Irinṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbé tà, ó ní ohun tó rí lára rẹ̀ kó tó gbé e tà.

Ìyá rẹ ní ṣé o ní ìbọ̀wọ́. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn ní ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Mo ní mi ò ní kọ ọ́, ó dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ń retí bébà méjì

&nbsp;

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìwé yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí àpótí ti fi ara rẹ̀ hàn. Mo gbé òòlù sókè láti gbá ìṣó, igi rẹ̀ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ti fò lọ, ó bọ́ sínú bákẹ́ẹ̀tì omi ìnulẹ̀, omi dọ̀tí ta sí alábòójútó lẹ́sẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Sukudiráfà náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yí i, ẹnu rẹ̀ wọ́ bí ẹnu ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí i, èmi náà sì ni ará yòókù.

Mo ti wá ra ohun tí ẹ sọ. Ẹ̀mú àti tépù inú àpótí ṣì dára, mi ò ní jù wọ́n nù. Ní ti ayùn, mo tẹ gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọlọ́jà fi sún mọ́ mi, tó ní ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí eré ìdárayá ni mò ń fi ṣe. Èyí tó rẹ̀yìn jù lórí pẹpẹ, tó sì rẹlẹ̀ jù lówó, òun ló padà nà bí ẹni pé n kò fọwọ́ kàn án. Mo rà á lójú ẹsẹ̀. Èkù ike rẹ̀ burú jọjọ, bí ẹ ṣe wí.

Ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí tó kàn. Mo ra ìfági àlòkù. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìfági tí ẹnìkan ti fi fá igi láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi darúgbó, tí kò kán, tí kò là, ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé irin rẹ̀ dára? Ìpáta ló bò ó. Mo fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́, mo lẹ sandipépà mọ́ ojú gíláàsì kan, orí rẹ̀ ni mo ti pọ́n ojú ìfági náà títí ó fi ń fá irun apá mi. Ẹni tó ń ta òkúta ìpọ́nbẹ níbí ń béèrè owó tí n kò ní, gíláàsì àti sandipépà sì ṣe iṣẹ́ kan náà fún mi.

Bébà méjèèjì wà nínú ìwé yìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìyẹn. Mo rọra yí i ká dáadáa, torí bàbá mi ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bí mo bá dá wà, òsì ni mo fi ń rẹ́ pákó, ṣùgbọ́n lójú èèyàn, ọ̀tún ni. Onílé tó ń bọ̀ yìí, àgbàlagbà ni wọ́n pè é. N kò fẹ́ kó rí mi bí ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ sọ fún màmá mi pé alábòójútó kò bí ọmọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ yára. Mo ti we aṣọ mọ́ èkù ike náà, síbẹ̀ ọwọ́ mi ń ta.

Àkọ́bí yín

&nbsp;

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ṣé ara màmá le? Mo kọ̀wé, n kò rí èsì. Mo ní bóyá ìwé sọnù lọ́nà, ni obìnrin ilé kejì wa bá sọ fún mi lórí fóònù pé òun rí yín pẹ̀lú ìwé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń yí i síwá sẹ́yìn. Ìwé mi dé nígbà náà. Ẹ kàn dákẹ́ ni.

Ṣé torí ìfági àlòkù ni? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ fi ìbínú náà ránṣẹ́, kí n rí i kà. Ìdákẹ́ yín ni n kò mọ bí màá ṣe gbé.

Nǹkan kò rọrùn fún mi níbí. Alábòójútó ti mú ọkùnrin kan wá sí àjà kẹrin, ó ní kí onílé fi wá wéra. Ẹ̀rọ oníná ló ń lò fún gbogbo nǹkan. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé a máa hó, ilẹ̀kùn kan a sì parí kí n tó wọn tèmi tán. Mi ò bẹ̀rù rẹ̀, nítorí mo ti lọ wo iṣẹ́ rẹ̀: ó gé ju bó ṣe yẹ lọ, èèyàn lè ti abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ rí bàtà ẹni tó wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n èmi náà, èyí tí mo bá fi ọ̀tún rẹ́, ojú ìlà máa ń wọ́. Mo wá ń fi ìfági tún un ṣe, iṣẹ́ kan ń di méjì. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti lé roro. Èmi tí mo ti fọ́nnu fún gbogbo àjà kẹta pé ọmọ káfíńtà ni mí.

Bàbá, bí ẹ kò bá ní lè ṣe èkù náà, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ ti sọ pé ẹ ó gbẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbójú lé.

Ọmọ yín

&nbsp;

Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún

Àkọ́bí mi,

Mi ò bínú. Bí mo bá ń bínú, o mọ̀ pé ariwo ni mo máa ń pa, mi ò kì í dákẹ́.

Igi ló dá mi dúró. Ẹ̀ka ọsàn ẹ̀yìnkùlé tó ya lọ́dún tó kọjá ni mo lò, ó ti gbẹ, ó sì le bí eegun. Àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ là lẹ́nu ihò nọ́ọ̀tì, mo sọ ọ́ sínú iná ìyá rẹ. Èkejì kò là, ṣùgbọ́n mo wò ó títí, kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi gbẹ́ èkù ọ̀bẹ. Ẹ̀kẹta ló wà nínú ẹrù yìí. Òróró ni mo fi pa á, má fi kíkùn kankan sí i. Kíkùn máa ń mú kí ọwọ́ yọ̀.

Mo ti rí ọwọ́ tó o fi ránṣẹ́. Mo wò ó dáadáa, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe. Má gé e, má fi sandipépà kàn án. Bó bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lọ́wọ́, má fi ipá bá a. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti ọkùnrin àjà kẹrin, jẹ́ kó máa hó. Ẹ̀rọ a máa yára gé igi, àmọ́ kì í wádìí ibi tó ń dun ilẹ̀kùn. Ra ṣọ́ọ̀kì tí àwọn tíṣà fi ń kọ̀wé. Fi pa etí ilẹ̀kùn, tì í, kó o tún ṣí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti nù kúrò, ibẹ̀ ló ti ń há. Ibẹ̀ nìkan ni kó o fá, má fọwọ́ kan ibòmíràn.

Sandipépà lórí gíláàsì, mi ò tíì gbà á. Sandipépà, igi ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá rẹ ní ó ṣe é lójú òun, ìwọ àti èmi mọ̀ pé kò mọ ojú ìfági yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ìpara kún ẹrù náà fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ó ní kó o fi pa á kó o tó sùn.

Bàbá rẹ

&nbsp;

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú wàhálà. Ẹrù dé láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá fún ìpara.

Èkù náà dára lójú. Mo dè é mọ́ ayùn, ihò bá ihò mu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín: kò bá mi lọ́wọ́ mu. Ibi tó yẹ kí àtàǹpàkò mi jókòó sí, ìhà kejì ni ẹ gbẹ́ ẹ sí. Ibi tó yẹ kó ki gan-an ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń rọ́ mi lọ́wọ́ ju ti ike lọ. Mo ń rò ó pé bóyá ojú yín ti ń ṣe bàìbàì ni, tí ẹ kò sì fẹ́ sọ fún wa. Gbogbo oṣù tí mo fi dúró yìí, bàbá, àbí ẹ kò wo bébà tí mo fi ránṣẹ́ ni? Mo ti jókòó ti èkù ike báyìí, mo fẹ́ dá a padà sí

Wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní onílé ti dé ṣáájú ọjọ́ tó dá. Ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

Bàbá mi, ẹ má wo òkè ìwé yìí. N kò ní ya á nù, nítorí mo fẹ́ kí ẹ mọ bí mo ṣe gọ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹ tètè ré e kọjá.

Bàbá arúgbó kan ni onílé, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àjà kẹrin ló kọ́kọ́ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í. Ó wá tọ́ka sí ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n fi ti ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó ní kí n gé e lójú òun. Ayùn tó ní èkù yín nìkan ló ṣeé lò, mo ti tú ti ike kúrò. Mo fi ọ̀tún gbé e, nítorí pé àgbà ló dúró níwájú mi. N kò tíì rẹ́ ẹ jìnnà tí ayùn fi fò kúrò lójú ìlà. Onílé ní, “Ṣé bí o ṣe ń rẹ́ pákó nìyí?” Alábòójútó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, bàbá. Mo rí i pé iṣẹ́ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ yín ló wá sí mi lọ́kàn, pé bó bá kọ̀ mí lọ́wọ́, kí n má fi ipá bá a. Mo dúró. Mo wo èkù náà, mo tún un wò, ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo gbé ayùn sí òsì. Àtàǹpàkò mi wọlé sí àyè rẹ̀, ìka mi tò lọ síbi tí ẹ ti là sílẹ̀ fún wọn. Ó dà bí ìgbà tí ẹ máa ń dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì. Mo ní, “Ẹ má bínú sà, òsì ni mo fẹ́ fi ṣe é.” Ó ní, “Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Ta ló bi ọ́ léèrè ọwọ́?”

Mo rẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsinmi. Ojú ìlà kò wọ́ rárá. A gbé ilẹ̀kùn kọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo sáré rà láàárọ̀ pa etí rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo fá ibi tó ti ń há, onílé fi ọ̀pá rẹ̀ tì í díẹ̀, ilẹ̀kùn lọ fúnra rẹ̀, ó tì pẹ́ẹ́. Ó yíjú sí alábòójútó, ó ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà, tó tẹ̀ lé onílé wá, bọ̀ mí lọ́wọ́, kò bínú; ó ní kí n wá fi ọgbọ́n ṣọ́ọ̀kì han òun. Alábòójútó rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún màmá, kó má bàa pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́.

Mo dé inú yàrá tuntun yìí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọkún. Ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ lókè. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ránṣẹ́ sí yín.

Àkọ́bí yín,
tó ń tún odindi ilé ṣe

&nbsp;

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

A gba ìwé rẹ, a yọ̀. Ìyá rẹ ti gbé e yí gbogbo ilé tó yí wa ká, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Mo ka ibi tó o ti bú mi, mo ka ibi tó o ti bẹ̀ mí. Mo gba méjèèjì. Ojú mi ò ṣe bàìbàì.

O ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ta ló bí ọ? Mo ti rí ọ tí ò ń fi òsì gbálẹ̀, tí ò ń fi òsì sọ òkò lu èso lórí igi, nígbà tó o rò pé ẹnikẹ́ni ò wò ọ́. Mo ní kó o fi ọwọ́ tó o fi ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́, ọwọ́ tó o fi ń kí àgbà lo fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kọ̀wé pé kó o tún un ṣe, mo rí i pé àyè ò sí. Mo wá dojú bébà náà délẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé, òòrùn là á kọjá, ọ̀tún di òsì. Mo fi díẹ̀ kún ìbú rẹ̀, torí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ohun tí obìnrin ilé kejì rí mi tí mò ń yí síwá sẹ́yìn nìyẹn. Mi ò gbẹ́ èkù ọlọ́wọ́ òsì rí láyé mi. Gbogbo ibi tí ọ̀bẹ ti mọ́ mi lọ́wọ́ láti gbà ni mo ní láti fi sílẹ̀, kí n gba òdìkejì. Ìdí tí mo fi pẹ́ nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé torí mo mọ̀ pé wàá jiyàn pé ọ̀tún ló bójú mu, èkù náà kì í sì í jiyàn.

Òwe tó o pa, òwe gidi ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àwọn àgbà tó pa á ò sọ pé kí ọmọ má fi kọ́ ilé náà. Bó o bá ti ń kí èèyàn, na ọ̀tún. Bó o bá ti gbé ayùn, gbé e sọ́wọ́ tó ni ín, ìbáà jẹ́ ọba ló dúró níwájú rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ṣísẹ́lì mi tó fẹ̀, èyí tí mo fi ń dá ihò híńjì, ojú rẹ̀ ti kán kọjá àtúnṣe, àwọn tó wà lọ́jà níbí sì rọ̀ bí àbẹ́là. Mo gbìyànjú sandipépà rẹ lórí gíláàsì nígbà tí ìyá rẹ ò sí nílé. Ó pọ́n ìfági mi ju òkúta tí mo ti ń lò lọ. Mo gbà fún ọ. Ọmọ tó rí irin rere lábẹ́ ìpáta nígbà tí mo ní kó má wò ó, ó ti kúrò lẹ́ni tí mò ń kọ́ ní ọjà rírà.

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi yan irinṣẹ́ rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ pàápàá, èyí tó rà fún mi, mo dá a padà fún un. Ìwọ bá mi ra ṣísẹ́lì kan. Ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àlòkù, ìbáà jẹ́ èyí tó rẹ̀yìn jù lórí pẹpẹ. Mi ò ní kọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín. Èyí tó o bá mú ni màá lò.

Bàbá rẹ,
káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ